Mẹ́jọ Tó Ka Ara Rẹ̀ ní Méje

Owó àjọ oṣù méjì ni mo gbé lọ sí Ọ́ńdà Jíì,
mo fi ra ráàmù ẹyọ méjì,
gíìgì mẹ́rin-mẹ́rin, àpapọ̀ rẹ̀ mẹ́jọ,
pẹlẹbẹ, kò gùn ju ìka àárín mi lọ.
Mosúnmọ́lá ló tú ìdí kọ̀ǹpútà náà.
Ó fẹnu fẹ́ eruku ọyẹ́ kúrò nínú ihò rẹ̀,
ó tẹ̀ ẹ́ wọlé, ó dún pá,
ó ní, "Ó ti jókòó."

Mo délé, mo tàn án.
Ó kọ ọ́ sójú gbàgàdà:
méje àti ẹ̀rúnrún tí kò tó nǹkan.
Mẹ́jọ mi dà?
Mo pa á, mo tún un tàn,
bí ẹni tó ń ka ewúrẹ́ ní ìrọ̀lẹ́
tó ń padà bẹ̀rẹ̀ láti orí òbúkọ.
Méje náà ni.
Mo rántí gbogbo ọjọ́ tí òṣùwọ̀n ti rẹ́ wa jẹ:
kajú bàbá mi, àpò mẹ́fà nígbà tó kúrò lóko,
àpò márùn-ún àbọ̀ nígbà tó dé orí ìwọ̀n àjèjì,
bàbá mi sì dúpẹ́, ó ká àpò òfìfo sí abíyá.
Èmi ò ní dúpẹ́.

Ilẹ̀ mọ́, mo gun ọ̀kadà ní Tákìé.
Mo ń ṣa ọ̀rọ̀ jọ lọ́nà bí ẹni ṣa òkúta:
olè, gbájúẹ̀, dá ẹyọ kan mi padà.
Mo sọ gbogbo rẹ̀ tán lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.
Búrẹ́dì ló ń jẹ. Ó jẹ ẹ́ tán.
Ó nu ọwọ́ sára aṣọ, ó tú ẹ̀rọ, ó fà á yọ.
"Mẹ́rin nìyí. Mẹ́rin nìyí. Kà á."
Mo kà á.

"Ta ló ń kun àwòrán tí ò ń wò lójú ẹ̀rọ yìí?
Ta ló ń nù ún, tó tún ń kùn ún,
nígbà ọgọ́ta kí o tó ṣẹ́jú?"
Mi ò fèsì.
"Ẹ̀rọ olówó ńlá, akunwòrán rẹ̀ ní ilé tirẹ̀.
Tìrẹ ò nílé. Inú mẹ́jọ yìí náà ló ń gbé.
Kí ẹ̀rọ tó lajú rárá ló ti gba yàrá, ó ti ti ilẹ̀kùn.
Ìyókù ni wọ́n kà fún ọ.
Mo lè ní kó sún mọ́ ògiri díẹ̀,
àmọ́ bí àwòrán bá ń já, má wá bá mi jà."

Mo fẹsẹ̀ rìn padà. N kò fẹ́ kí ọlọ́kadà rí ojú mi.

Nọ́ọ̀sì òru ni màmá mi, ọdún mọ́kànlélógún.
Bí owó oṣù bá wọlé, wọ́n á tò ó sórí tábìlì,
wọ́n á kà á sí wa létí, náírà dórí náírà.
Lọ́jọ́ kan ẹ̀gbọ́n mi rí ìwé owó náà lábẹ́ tímùtímù.
Iye tó wà níbẹ̀ ju iye tí wọ́n ń kà lọ.
Odindi ọ̀sẹ̀ kan la fi ń wò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú.
Ìwé wa ní báìndìn. Bàtà wa ò lu.
Nígbà tí ìjì ṣí páànù aládùúgbò, tiwa dúró.
A ò bèèrè ta ló ń kun ojúmọ́ fún wa wò.

Mo pè wọ́n ní alẹ́ yẹn.
Mo ní, "Màmá, èló lẹ máa ń yọ kí ẹ tó kà á fún wa?"
Wọ́n dákẹ́ títí mo fi rò pé nẹ́tíwọ̀kì ti lọ.
Wọ́n wúkọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín.
Wọ́n ní kí n má fi owó ìpè ṣòfò,
pé ṣé mo ti jẹun.